Kí ẹ tó gba àkòrí ìwádìí, ẹ fojú ara yín rí ibi tí dátà wà

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó oṣù ka másításì ní Àbújá yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣe wá. Ẹ ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí gósílóò ọ̀nà Nyanya, ẹ ti lo gbogbo ọjọ́ ní ọ́fíìsì, ó tún wá di Sátidé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wọ aṣọ ẹbí lọ sóde, ẹ̀yin wà ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fọwọ́ sí àkòrí mi tuntun, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lórí ti àkọ́kọ́ kò tíì tán lára mi, òun ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ má ṣe gba àkòrí kankan títí ẹ ó fi fojú ara yín rí ibi tí dátà rẹ̀ wà. Kí ẹ fojú rí i ni mo wí o. Kí ẹnì kan sọ fún yín pé "ó wà níbẹ̀" kò tó.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló fún mi ní àkòrí àkọ́kọ́. Ọmọ Yorùbá ni, "àbúrò mi" ló máa ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Orí WhatsApp ló fi í ránṣẹ́ sí mi, lódindi, n kò yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀: ipa tí ìyípadà ojú-ọjọ́ ń ní lórí ìpèsè omi ní Àríwá Nàìjíríà. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ojú-ọjọ́ nílò àkọsílẹ̀ òjò tó gùn dáadáa, torí pé 30 ọdún ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú-ọjọ́ fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ó tún nílò àkọsílẹ̀ omi tí ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pèsè fún ará ìlú láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mo kọ lẹ́tà, mo sì gbé lẹ́tà kiri. Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà wá láti ẹ̀ka mi. Mo gbà á dé, wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí Alájì dé, ó ní inú kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́ ni ohun tí mò ń wá wà. Níbòmíràn, wọ́n gbé fáìlì kan fún mi, ọdún díẹ̀ péré ló wà nínú rẹ̀, oṣù mìíràn sì ṣófo pátápátá. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Èsì rẹ̀ kò yí padà: "Ó wà níbẹ̀. Máa kọ Chapter One rẹ lọ ná."

Mo kọ ọ́. Ó dára, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé n kò kàwé tó.

Ọjọ́ tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti gbèjà iṣẹ́ náà, obìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ Àríwá, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo ní 400, gẹ́gẹ́ bí fọ́múlà Yamane, tí a fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ kí á bi léèrè, ṣe gbé e jáde. Gbogbo wa la mọ fọ́múlà yẹn, òun la máa ń lò. Bí ẹ bá ti fi àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí i, iye tó máa fún yín kò ní kọjá 400 láéláé, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù mélòó lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní: "Ìpínlẹ̀ 19 ló wà ní Àríwá. Fi Àbújá kún un, ó di 20. Èèyàn 20 ló kan ibì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kano nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 44. Èwo nínú wọn ni 20 èèyàn yẹn ti máa wá?"

N kò rí ohun kankan sọ. Ó tún bèèrè bóyá àkọsílẹ̀ òjò àti ti omi ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ṣì ń wá a. Ó ní: "Zamfara ńkọ́? Ta ló máa lọ sí Zamfara?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọkùnrin tó jókòó tẹ̀ lé e wá bi mí ní èyí tó pa mí: "Ta ló fún ẹ ní àkòrí yìí gan-an?"

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn tẹ̀ lé ojú mi, wọ́n wo Ẹ̀gbọ́n. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní: "Mo ti sọ fún un pé kó dín in kù. Kò gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù mi wà nínú báàgì lórí àga níwájú mi. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, déètì wà lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lókè. Bí mo bá na ọwọ́, mo máa kàn án. Ṣùgbọ́n a kì í pe àgbà ní onírọ́ lójú àwùjọ, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn, òun náà ló sì ṣì máa fọwọ́ sí iṣẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú, sà." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pé kí n lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kó ìwé mi jọ níwájú wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìwé kan bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi mú un. Àwọn tó kù ń dúró de ẹni tó kàn. Mi ò lè jẹun alẹ́, ọkọ mi ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń dá a lóhùn "kò sí nǹkan".

Obìnrin yẹn náà ló pè mí ní kọ́ríídọ̀ kí n tó lọ. Ó ní, "Níbo lò ń gbé?" Mo ní Mararaba. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe ń rí omi níbẹ̀?" Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ibẹ̀ ni àkòrí tuntun ti yọ. Mo yí i padà, mo kọ ọ́, wọ́n gbà á.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí báyìí: báwo ni owó tí àwọn ilé ní àdúgbò kan ní Mararaba ń ná lórí omi mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi kiri, ṣe ń yàtọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, kí ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ láìrà nítorí rẹ̀? Ó kéré sí Àríwá Nàìjíríà, ṣùgbọ́n tèmi ni. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, Àbújá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́. Omi dáàmù Usuma ní Bwari tó ń wọ àárín Àbújá kò dé àdúgbò tiwa. Bí kànga ẹ̀rọ bá gbẹ, àwọn ọmọ Hausa tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló ń gbà wá, iye owó wọn sì máa ń gòkè bí oòrùn bá ti le. Ẹni tó ń ta omi wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó ń rà á ni aládùúgbò mi. Mo ti rí dátà mi kí n tó kọ gbólóhùn kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀, ọ̀kan ló jù nínú rẹ̀, mo sì ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ìṣòro ìlú yàtọ̀ sí ìṣòro ìwádìí. Kí omi wọ́n jẹ́ ìṣòro ìlú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò nílò másításì. Ìṣòro ìwádìí ni ohun kan pàtó tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nípa ọ̀wọ́n omi náà, tí a sì lè mọ̀ bí a bá lọ wò ó. Bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wá ìbéèrè mìíràn.

Ẹ ya tébù òfìfo. Obìnrin yẹn náà ló kọ́ mi. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fa ìlà tébù tí ẹ fẹ́ kó wà nínú Chapter Four, níbi tí èsì ìwádìí máa ń wà, ẹ kọ orí rẹ̀ sí i, kí ẹ wá máa bi ara yín fún ihò kọ̀ọ̀kan: ta ló máa fún mi ní nọ́ńbà tó máa wọ ibí? Ká ní mo ti ya èyí fún àkòrí tí wọ́n fún mi, ihò Zamfara ì bá ti pariwo. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ibi tí dátà wà náà nìyẹn?

Ẹ ro ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu reluwé Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, ìyá mi kì í sùn bí mo bá ní mò ń lọ sí Kàdúná. Kò sí ìwé-ẹ̀rí tó yẹ kí á tìtorí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé. Bí ẹ bá sì dé àdúgbò tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kí mai unguwa, olórí àdúgbò, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní ẹni tó gbọ́ Hausa dénú láti bá yín túmọ̀ ìbéèrè yín. Iye èèyàn àdúgbò ńkọ́? Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni, ẹ má gbára lé e fún ibi bíi Mararaba. Èmi ń rìn láti òpópó dé òpópó, mò ń to àwọn ilé sínú ìwé, inú àkọsílẹ̀ ara mi ni mo sì ti máa yan àwọn tí mo fẹ́ bi léèrè.

Kì í ṣe pé mò ń bú Ẹ̀gbọ́n o. Òun náà ló ṣì ń bójú tó iṣẹ́ mi, mo ṣì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá jọ sọ lẹ́nu báyìí, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lálẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ohun tí a fẹnu kò sí lónìí nìyí." Ó máa ń dá a lóhùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní àkòrí, ẹ má jiyàn. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni kí n lọ bá fún dátà rẹ̀?" Bí wọ́n bá dárúkọ ibì kan, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí fáìlì náà níwájú yín. Bí wọn ò bá lè ṣí i, ẹ padà lọ bá ọ̀gá yín, kí ìbéèrè kékeré méjì wà lọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan náà, èyí tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìdáhùn rẹ̀.