Ọjọ́ ìwàásù níléèwé ìjọ ní Kenya: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Àwa oníwàásù tí à ń ti Nàìjíríà lọ sí Kenya sábà máa ń rò pé iléèwé tí orúkọ ìjọ bá wà lára pátákó rẹ̀, ti ìjọ ni tọwọ́tẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìjọba ló gba àwọn olùkọ́ síṣẹ́, TSC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́, ló sì ń san owó oṣù wọn. Onígbọ̀wọ́ ni ìjọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2013 fún onígbọ̀wọ́ láyè láti yan àlùfáà síléèwé, owó ara rẹ̀ ni yóò sì fi bọ́ ọ, ṣùgbọ́n òfin náà ní kó dáàbò bo ẹ̀sìn àti ìjọ àwọn tó kù. Ọmọ Mùsùlùmí lè wà níwájú yín, kí ọmọ Àgùdà jókòó tì í. Torí náà, ẹ má ṣe pe ọmọ jáde kó wá jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà, ẹ ní kó lọ bá àlùfáà iléèwé lẹ́yìn ìpàdé. Òun ni wọ́n á ṣì máa rí nígbà tí ẹ bá ti padà sílé.

Ẹ béèrè àkókò dáadáa. Kenya fi wákàtí 2 ṣáájú Nàìjíríà, àti pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn tó ń sọ Swahili ti ń ka aago: «saa mbili» (aago méjì) ti àárọ̀, aago 8 àárọ̀ ní Kenya nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ ọ́ ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á fa àsíá sókè. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ má ṣe tẹ fóònù. Àdúrà sí Ọlọ́run ni orin orílẹ̀-èdè wọn fúnra rẹ̀, torí náà kò sídìí láti tún gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gígùn lé e. Ìta gbangba ni àwọn ọmọ sábà máa ń dúró sí, òtútù Limuru àti Kijabe ní oṣù keje kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ mú súwẹ́tà dání, kí ẹ sì ṣàánú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

Ìṣòro tó pọ̀ jù wà lórí ògbufọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ògbufọ̀; àwọn ọmọ kékeré àti òbí ló nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 15 péré ni tiyín. Ẹ fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí ògbufọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó ti fi bébà sí ojú ibẹ̀ nínú Bíbélì Swahili rẹ̀. Ẹ kí wọn pé «Bwana asifiwe!» (ẹ yin Olúwa), wọ́n á dáhùn «Amen!», ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Òwe ló máa ń dá ògbufọ̀ dúró jù. Bí ẹ bá pa méjì léra láìmí, á wojú yín, á sì sọ ohun tó bá ṣáà wá sí i lọ́kàn. Gbólóhùn kúkúrú kan, kí ẹ dákẹ́, kó parí, kí ẹ tó mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ pàṣán tí a fi ń dẹ́rìn-ín pa ọmọ nílé, ẹ fi sílẹ̀: òfin Kenya kò gbà kí wọ́n na ọmọ níléèwé.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rá di ẹ̀bùn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Kenya ti fòfin de àpò ọ̀rá. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò. Owó kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ san án sí àpò owó iléèwé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ní ti fọ́tò, òbí ló ní àṣẹ lórí àwòrán ọmọ lábẹ́ òfin tí Kenya ṣe ní 2019 láti dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni. Ní 2023, wọ́n bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 4 ṣílè Kenya lé iléèwé kan tó gbé àwòrán àwọn ọmọ síta láìgba àṣẹ. Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn orí ni kí ẹ ti yà wọ́n, kí ojú ẹnikẹ́ni má hàn.

Bí wọ́n bá bu githeri fún yín, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni, ẹ jẹ ẹ́ níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun, kì í ṣe ní ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè ohun tí wọn kò lè béèrè níwájú gbogbo èèyàn. Bí agogo ọ̀sán bá ti lù, ẹ dìde, pàápàá ní apá ìparí ọdún: àwọn ọmọ Form Four, kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń múra ìdánwò àṣejáde KCSE kò ní àyè láti máa sin àlejò.