Ọmọ tí kò sí nínú rẹ́jísítà

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, ẹ óò bá èrò. Bẹ́ǹṣì ti kún, nọ́ọ̀sì ti dá orin sílẹ̀, ọmọ ń ké. Èrò yìí gan-an ló máa ń tan àwọn tó ń darí ètò ìlera àdúgbò jẹ. Àwọn tó wá là ń rí. Àwọn tí kò wá, ta ló ń kà wọ́n?

Ìṣirò ló kàn. Nàìjíríà máa ń ṣírò ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sí bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará àdúgbò. Àdúgbò tó ní èèyàn 5,000 yẹ kó ní bíi ọmọ 200. Ẹ ṣí rẹ́jísítà, kí ẹ ka àwọn tó gba Pẹ́ńtà àkọ́kọ́ (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ ń gbà á) láàárín oṣù 12. Ká ní 130 ni, á jẹ́ pé ọmọ 70 wà níbì kan tí ẹnì kankan ò kọ orúkọ wọn. Ẹ wá ka àwọn tó gba Pẹ́ńtà kẹta. Bó bá jẹ́ 100, ọmọ 30 ti já sọ́nà, ìyẹn ju ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Bó bá ti kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Àmọ́ ìṣòro méjèèjì ò jọra o. Àwọn 70 ò rí ọ̀nà débẹ̀. Àwọn 30 débẹ̀, ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n padà. Ẹni tó gbé gbohùngbohùn kiri ìgboro nítorí àwọn 30 kàn ń da owó nù ni.

Ìkànìyàn ọdún 2006 la ṣì ń gbé iye èèyàn lé, nítorí náà ojúlé dé ojúlé nìkan ló máa ń fi òótọ́ hàn. Ọ̀dọ̀ baálé agbo ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí títì. Ẹ ya àwòrán àdúgbò sórí páálí, kí ẹ fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ kọ aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sí i. Ẹ má fo yàrá àwọn ayálégbé tó wà lẹ́yìnkùlé. Baálé fúnra rẹ̀ lè má rántí wọn.

Orúkọ ni ibi tí rẹ́jísítà ti máa ń bàjẹ́ jù. Ọmọ kan ṣoṣo lè jẹ́ Táíwò lẹ́nu ìyá, Kamal lẹ́nu bàbá, kí ìyá bàbá sì máa kì í ní Àjàní. Ẹni tó kọ káàdì kọ Kamal, ẹni tó lọ wá a ń béèrè Kamal nínú agbo ilé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ọmọ ọ̀hún sì ń ṣeré níwájú wọn. Àdírẹ́sì á tún jẹ́ "Ìsàlẹ̀ Afọ̀n", bí ẹni pé ilé kan péré ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ ọmọ, ẹ kọ orúkọ agbo ilé, ẹ kọ orúkọ tí àdúgbò ń pe ìyá. "Ìyá Ṣadé alágbàdo" wúlò ju orúkọ bàbá lọ. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, tìyá àti ti aládùúgbò, torí kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́sàn-án, fóònù ìyá lè ti sọ nù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìgò. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi sábà máa ń tó ọmọ 10, ti BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń tó 20. Tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun léèrè ohun tó dànù, ló bá ní kí ìyá padà wá ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ọmọ bá pọ̀. Ìyá yẹn ti san owó ọ̀kadà láti aba, ó ti pàdánù ọjà ọjọ́ kan. Kò ní padà mọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí ilé ìwòsàn ló máa padà. Bí ìyà ṣe ń lọ bá ẹni tí ìyà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹni tó gbèrò ibi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣí ìgò bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ló jókòó. Ẹni tó ń darí ètò ni kó sọ ọ́ síta, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ohun tó dànù, kí ọkàn òṣìṣẹ́ lè balẹ̀. Ní ti Pẹ́ńtà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: olómi ni, a lè lo ìgò tó ti ṣí fún ọjọ́ 28 bí òtútù rẹ̀ bá pé tí àmì ara ìgò tó ń fi ooru hàn ò sì tíì dúdú. Ẹni tó bá ní ọmọ ò tíì pọ̀ tó ká ṣí Pẹ́ńtà, ẹ kọ́ ọ kó mọ̀.

Ọmọ tuntun ló ṣòro jù láti rí. Láàárín wákàtí 24 ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀, tó bá sì jẹ́ ilé agbẹ̀bí ni wọ́n ti bí i, agbẹ̀bí nìkan ló mọ̀. Ẹ má bú u níwájú àwọn aláboyún rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé kékeré àti nọ́ńbà tó máa pè lọ́jọ́ ìbí gan-an. Èyí tó bá bọ́ níbẹ̀, ẹ mú un níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìkómọ pamọ́, ọjọ́ kẹjọ sì ṣì wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ní. Ní ti àwọn tí kì í gbé ọmọ jáde kó tó pé ogójì ọjọ́, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, ọjọ́ 42. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé ọ̀túnla ogójì ni.

Láti bíi oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kajú ti kó àwọn ìyá lọ sí aba. Ẹ gbé kúlà, àpótí tó ń mú abẹ́rẹ́ tutù, tẹ̀ lé wọn. Ní gáà Fúlàní, àárọ̀ làwọn obìnrin ń ta wàrà, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ èdè wọn dání.

Lórí kúlà, oòrùn ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ike yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà ló ń ba Pẹ́ńtà jẹ́. Ẹ jẹ́ kó làágùn, kí ẹ mì í kí ẹ gbọ́ omi nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tò ó. Ìwọ̀n òtútù 2°C sí 8°C là ń fẹ́.

Ẹ sọ fún ìyá kó tó lọ pé ara ọmọ lè gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, pé BCG á wú, á dégbò díẹ̀, á sì jinná fúnra rẹ̀, kó má fi àgbo tàbí omi gbígbóná sí i. Nínú àwọn 30 tó já sọ́nà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ibà tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wọn ló lé wọn. Owó káàdì tí wọ́n ń gbà lábẹ́ tábìlì ló lé àwọn mìíràn.

Tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù bá pàdé lóṣooṣù, ẹ má ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fún wọn. Ẹ ka orúkọ agbo ilé, iye ọmọ tó kù níbẹ̀, àti ẹni tó máa lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ tó bá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹ kọ ibi tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ má kàn fa igi lé e.