Àyẹ̀wò Ọdún: Wákàtí Tí A Kì Í Kọ Sílẹ̀

Ọdún yìí ni wọ́n fi mí ṣe olórí ikọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá tí mo ti ń ṣe ọ́dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni àwọn ẹlòmíràn máa ń yẹ̀ wò. Ní báyìí, èmi ni mò ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wò kí ó tó dé iwájú mánéjà. Owó oṣù lé díẹ̀, oorun dín kù. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: báwo lẹ ṣe mọ̀? Ilé-iṣẹ́ ní àwọn lówó ní báńkì; àwa la ó rí sí i pé ìwé lọ bá báńkì náà, èsì sì gbọ́dọ̀ wá sọ́wọ́ wa tààrà. Wọ́n ní ọjà kún ilé ìkẹ́rù. A ó lọ síbẹ̀, a ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á, àwa náà á tún mú díẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń pa ìwé dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń parí ọdún láàárín páálí.

Ìlànà kíka ọjà yẹn kò ṣàdédé wá. Ní 1938, àṣírí ilé-iṣẹ́ oògùn McKesson & Robbins tú ní Amẹ́ríkà: ọjà àti gbèsè tí wọ́n ní àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 dọ́là, wà nínú ìwé, kò sì sí níbì kankan. Àwọn ọ́dítọ̀ ti yẹ ìwé náà wò, ìwé sì bára mu. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn akáùntáǹtì ibẹ̀ sọ ọ́ dìlànà pé kí ọ́dítọ̀ máa fojú ara rẹ̀ rí ọjà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tuntun kí wọ́n tó jáde lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí ni wákàtí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn ti wà lórí iye tí oníbàárà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò, máa san, mánéjà sì ti pín wákàtí: èyí fún owó báńkì, èyí fún títà, èyí fún gbèsè. Gbogbo wákàtí tí a bá lò la gbọ́dọ̀ kọ sí orúkọ oníbàárà tí a lò ó fún. Bí iṣẹ́ bá wá ju ohun tí wọ́n pín lọ, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi èyí tó lé pamọ́. Wọn a ṣiṣẹ́ wọ òru, wọn a kọ wákàtí 8. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ẹ̀rù ni, kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Lọ́dún kejì, mánéjà á wo àkọsílẹ̀, á rí i pé wákàtí tó, á sì tún pín iye kan náà.

Mo kórìíra rẹ̀. Àwa tí a ń ní kí ẹlòmíràn kọ òótọ́, ìwé tiwa náà yẹ kó jẹ́ òótọ́. Ó sì ń pa iṣẹ́ lára, torí ẹni tó mọ̀ pé wákàtí òun ti tán kì í béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ikọ̀ mi béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí a pín fún títà ti tán nígbà tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí." Ìwé owó ọjà kan ní déètì ọ̀sẹ̀ tó parí ọdún, ṣùgbọ́n ìwé tí ọkọ̀ fi kó ọjà náà jáde fi hàn pé inú ọdún tuntun ló kúrò ní ilé ìkẹ́rù. A wá síwájú, kì í ṣe ẹyọ kan. Oníbàárà kọ́kọ́ fárí gá, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn wọ́n yọ owó náà kúrò nínú títà ọdún yẹn. Mo ní kó kọ gbogbo wákàtí tó lò, pátápátá. Mánéjà bi mí ìdí tí a fi kọjá ètò. Mo ṣàlàyé, ó gbà, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn.

Mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Iṣẹ́ díẹ̀ ló wà tí ọ̀dọ́ ti lè wọ báńkì lọ́sẹ̀ yìí, kó wọ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọ̀gá àgbà sì jókòó dá a lóhùn.

Fún oṣù kìíní, mo ti kọ̀wé sí mánéjà pé kó fi wákàtí kún ti títà fún oníbàárà náà, mo sì so àkọsílẹ̀ ọdún yìí mọ́ ọn. Kò tíì fèsì. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí láìsí èsì, màá lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀.