Títú aṣọ níwájú ọmọọṣẹ́

Ìbàdàn, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ kò tíì dá, iná ò sí, ìwọ̀nba tó kù nínú fóònù ni mo fi ń kọ èyí kí n tó sùn. Mo fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp lónìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jà nínú mi.

Aránṣọ tó lé ní igba la wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, láti Sángo títí dé Mọ́níyà, àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ibi tí a ti ń bára wa sọ iye tí owó rírán bùbá dé àti ibi tí láínìn tó dára wà ní Gbági, ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá mi, tí wọ́n ń sọ ohun tó ń dun ọkàn wọn. Mi ò kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀dọ̀ màmá kan ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń ṣe fídíò ní èdè Yorùbá lórí Facebook. A ò tíì ríra lójúkojú rí. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n níbẹ̀.

Fídíò tó kọ́kọ́ mú mi ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹnì kan wá bú aláìsàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, tó ní kí wọ́n yáa gbé e lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rín ni àwọn èèyàn ń rín tẹ̀ lé e. Màmá Nọ́ọ̀sì ò bú u padà, wọn ò lé e. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ohun tí Aro jẹ́ fún wa. Wọ́n ní ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí aláìsàn á fi máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn á tẹ̀ lé e wá, á máa dáná fún un, á máa tọ́jú rẹ̀. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, á sì padà sílé bí èèyàn. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ibi láyé ṣì ń ti irú wọn mọ́lé ni o. Bàbá náà ló wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí ní 1968. Wọ́n wá wo ojú kámẹ́rà, wọ́n ní: “Aro tí ẹ fi ń bú èèyàn yìí, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gba aláìsàn sílé. Ta ni ẹ̀yin gbà sílé rí?”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Èébú yẹn la fi dàgbà ní àdúgbò wa, èmi náà ti bú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan máa ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe wọ́n sábẹ́ fídíò. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń gbà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbí, gbogbo ayé ló ń kà á. Mi ò lè mọ ohun tó ń ṣe yín látorí fóònù. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà tó súnmọ́ yín, tàbí UCH bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà.” Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n le jù. Èmi a máa dá èèyàn lóhùn láago kan òru, lórí ohun tí mo mọ̀ àtèyí tí mi ò mọ̀. Ní báyìí, mo rò pé kò sí ohun tó nira fún ẹni tí èèyàn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu tó kó sọ pé “mi ò lè.”

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti 2023. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún náà, ó rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958, tó ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè. Inú Màmá Nọ́ọ̀sì dùn, wọ́n sì sọ nínú fídíò pé láti ìgbà náà lọ, ọlọ́pàá ò tún lè mú ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Lọ́yà kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún jókòó síbi kan náà. “Mo ṣì í sọ.” Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣàlàyé pé òfin tuntun náà ò fọwọ́ kan abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, èyí tó ní kí wọ́n sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Pé ó dun àwọn, àmọ́ ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Pé ẹni tó bá wà nínú irú ewu yẹn, ilé ìwòsàn ni ká sáré gbé e lọ. Wọn ò pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà pé àṣìsọ wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn tó ti gbà á gbọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí aṣọ bá wọ́ lọ́wọ́ mi, iwájú ọmọọṣẹ́ ni mo ti ń tú u, kó lè rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mi ò fi ìyẹn pamọ́ rí. Lórí fóònù ńkọ́?

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan finú hàn mí lóru ọjọ́ kan. Mo mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo yọ orúkọ rẹ̀, mo fi ṣe ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́, mo ní ká máa gbàdúrà. Àmín tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n mo ti fi àmì kan sínú ìtàn náà tí àwọn tó súnmọ́ ọn fi dá a mọ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe lè tọrọ àforíjì ní gbangba láìtún tú u síta lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà mo kọ́kọ́ pè é láàárọ̀ yìí. Kò gbé e. Mo tún pè é lọ́sàn-án, ó gbé e. Mo bẹ̀ ẹ́, mi ò sọ pé mo fẹ́ ran àwọn yòókù lọ́wọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ń yún mi láti sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí. Ó ní: “Àǹtí, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn. Ẹ kàn sọ pé ẹ ò ní ṣe é fún ẹlòmíràn mọ́.” Mo bi í bóyá mo lè kọ èyí tí mò ń kọ yìí. Ó ní bí orúkọ àti àmì bá ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ sínú ẹgbẹ́ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Pé mo sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìgbàṣẹ. Pé mo jẹ̀bi. Pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, èmi á bá a dé ilé ìwòsàn, mi ò ní sọ ara mi di dókítà.

Èèyàn mẹ́rin péré ló fèsì. Ọ̀kan nínú wọn ò sọ nǹkan kan nínú ẹgbẹ́, ó wá bá mi níkọ̀kọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án: “Àǹtí, ẹ ṣé. Èyí tí mo sọ fún yín nígbà ọdún iléyá ńkọ́, ṣé ẹ ò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan?”

Mo dá a lóhùn pé mi ò sọ ọ́. Òótọ́ sì ni. Ó ti kà á, kò tíì fèsì.