Fóònù Ọ̀rẹ́ Ọkọ Ìyàwó

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Títí di òní, tí mo bá wọ yàrá, ọkọ mi á kọ́kọ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ṣòkòtò.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá iléèwé ni mí, àsìkò ìdánwò WAEC la sì wà. Ìdájí ni mo ti ń lọ gba ìwé ìbéèrè, tó bá sì dalẹ́, àwọn òbí ló kàn. Bàbá kan pè mí ní aago 11 alẹ́, ó ní kí n bá òun sọ fún ọmọ òun kó lọ sùn. Mo bá a sọ ọ́. Ọmọ náà sùn fọnfọn, èmi ni mi ò rí oorun sùn.

Ni ọkọ mi bá ní lọ́jọ́ ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, mi ò gbọdọ̀ ronú kan iléèwé. Mo gbà. Mo tiẹ̀ fi fóònù mi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọlọ́gbọ́n!

Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀. Ìlà wọn rí gbágungbàgun. Mo pa á mọ́ra. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn, onírùngbọ̀n gìrìwò, ṣe dojú bolẹ̀ tó tún ń fi fóònù ya ara rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ìwọ! Mú un wá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mú un wá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi! Mo jù ú sínú báàgì, mo ní kó mú òbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Onílù dákẹ́. Alága ìjókòó, tí ẹnu rẹ̀ kì í dí, kò rí nǹkan kan sọ. Kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ti lọ iléèwé rí.

Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni báàgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Háà! Mo gbé fóònù onífóònù délé.

Ẹ gbọ́, ní Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ dé sí iléèwé lóòótọ́. Ọkọ mi tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló júwe ọ̀nà fún wọn. Ọmọkùnrin náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo ní kí n tọrọ àforíjì, màmá ní rárá, kí n má tíì dá a padà. Ó ní fóònù yẹn ni kò jẹ́ kó fẹ́yàwó, pé gbogbo ọ̀rẹ́ ló ti bá dọ̀bálẹ̀ tán, ta ni yóò bá òun náà dọ̀bálẹ̀?

Ìtìjú mi fò jáde lójú fèrèsé. Àwa méjèèjì kọjú sí i.

Nínú ìwé àlejò, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n bá wá, màmá kọ ọ́ gàdàgbà: "Ọ̀ràn ọmọ."

Ọmọ ọdún 34!