Níbo ló fẹ́ lọ?

Tọ́sìdeè. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, gọ́tà Mọ́kọ́lá kún débi pé mo bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí n tó sọdá, mo pẹ́ débi iṣẹ́, ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan. Mo jẹ àmàlà lọ́sàn-án. Tán, ìyẹn lọjọ́ òní. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Sọ́ńdè, mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí, mi ò ní sùn.

"Níbo ló fẹ́ lọ?"

Mo ti lọ dá kọ́kọ́rọ́ ilé àṣàrò ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà wa padà, torí mo ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọdún tó kọjá mọ kọ́kọ́rọ́ tí mò ń sọ. Mo gbé e sórí tábìlì, mo kí wọn, mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ mò ń de okùn bàtà mi. Bàtà gbogbo wa máa ń tò sórí ìlà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó wọ́, èmi gan-an ni mo máa ń tò ó tí àwọn míì bá ti wọlé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni mo gbọ́ ohùn àǹtí kan láti kíṣìnnì, wọ́n ń fọ ife, wọn ò mọ̀ pé mi ò tíì lọ. "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ó máa padà wá. Níbo ló fẹ́ lọ?" Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ò dáhùn. Omi ń dà. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, okùn bàtà lọ́wọ́, bí ẹni tó jalè.

Kò sí ìbínú nínú ohùn yẹn o. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá bínú kí n sì gbàgbé. Wọ́n sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jáde láàárọ̀ ni, tílẹ̀ bá ṣú, á wálé.

Ṣé irọ́ sì ni? Níbo ni mo fẹ́ lọ? Mọ́mì ti rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń padà bọ̀, wọ́n pè mí lálẹ́ àná, inú wọn dùn débi pé ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n ní Olúwa ti gbọ́ àdúrà àwọn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé mi ò fi Búdà sílẹ̀, ilé yẹn ni mo fi sílẹ̀. Mo kàn ní "Ẹ ṣé, mà." Láàárọ̀ yìí náà mo ṣì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, òjò ń lu páànù, mo ń ka èémí mi. Kò sẹ́ni tó máa máàkì rẹ́jísítà. Ó dùn mọ́ mi, ó tún dà bí ẹni pé mò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ àwọn ará ilé yẹn. Nígbà tí Dádì kú, àwọn ló kọ́kọ́ dé. Wọn ò wàásù, wọn ò béèrè nǹkan kan. Àǹtí tó sọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà nídìí ìkòkò títí a fi sin Dádì tán, èéfín pọ́n wọn lójú bíi tẹbí. Torí náà bóyá àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Bóyá wọ́n fẹ́ kí n padà wá ni, tí wọn ò mọ ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà sọ ọ́...

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n rántí ìkómọ yẹn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, "jẹ́ ká mọ̀ tó o bá ń rìnrìn àjò" ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ló máa béèrè ibi téèyàn wà. Ó di "béèrè kó o tó lọ." Ó di "Olùkọ́ ò fọwọ́ sí i." Olùkọ́ tí gbogbo wa ò rí rí àfi nínú fídíò, tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn rí, àwọn ni wọn ò fọwọ́ sí i pé kí n lọ sí Ọ̀yọ́, torí ọ̀sẹ̀ àṣàrò ló bọ́ sí. Àkọ́bí àbúrò mi. Mi ò sì lọ. Kò sẹ́ni tó tì mí mọ́lé, ẹsẹ̀ mi pé, owó mọ́tò wà lápò mi, mi ò lọ. Orí fóònù ni mo ti sọ orúkọ tí mo mú fún ọmọ, àbúrò mi ló bá mi sọ owó sínú abọ́ omi, mo gbọ́ bí kọ́ìnì yẹn ṣe dún. Ọmọ yẹn ti ń sáré káàkiri báyìí.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòroó ṣàlàyé fáwọn èèyàn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọ̀rọ̀ Rigpa, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan, ránṣẹ́ sí mi, bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn 8 tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣe kọ lẹ́tà sí Sogyal Rinpoche, olùkọ́ wọn, ní oṣù Keje ọdún 2017, tí wọ́n ní ó ń lu àwọn, tó sì fipò sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi ní "ṣé irú ẹ̀ ni?" Kì í ṣe irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá mi létí. Èmi ni mo ń gba àyè kí n tó mí.

Ó sì ń bí mi nínú, torí pé Búdà fúnra ẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀! Ó sọ fún àwọn Kalama, àwọn èèyàn kan ní Íńdíà nígbà ayé ẹ̀, pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ torí pé ó wà nínú ìwé mímọ́, tàbí torí pé "olùkọ́ wa lẹni yìí," kí wọ́n wò ó fúnra wọn bóyá ó ń ṣe èèyàn láǹfààní àbí ó ń pa á lára. Nígbà tó di ẹni 80 ọdún, tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ nítòsí ìlú Vesali, Ananda ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń retí pé á sọ bí ẹgbẹ́ ṣe máa rí kó tó kú. Búdà ní kí ni wọ́n tún ń retí lọ́wọ́ òun, òun ti kọ́ wọn láìpín in sí tinú àti tìta, òun ò dì í mọ́ ìkúùkù bí olùkọ́ tó ń fi nǹkan pa mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ erékùṣù fún ara wọn. Kò sì yan àrólé kankan, ẹ̀kọ́ àti ìlànà tó fi sílẹ̀ ló ní kó jẹ́ olùkọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo ka ibẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mo di ìkúùkù mi, mo tún là á, mo tún dì í.

Mo béèrè nípa ẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní "Kì í ṣe ìwọ lò ń béèrè yẹn, ìgbéraga ẹ ni." Gbogbo yàrá mi orí. Kí lèèyàn fẹ́ fèsì sí ìyẹn? Tí mo bá dákẹ́, wọ́n borí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìgbéraga ló tún sọ̀rọ̀.

Ní Thailand, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló máa ń wọ aṣọ mọ́ńkì fún oṣù 3 ìgbà òjò, tó bá parí wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á padà sílé lọ fẹ́yàwó, ìdílé wọn á máa fi wọ́n yangàn. Ìgbà òjò nibí náà.

Mo ti ń yẹra fún apá kan ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀. Ọdún 3 ni mo fi tọ́jú rẹ́jísítà. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń ti Ojoo wá, nígbà tí kò wá mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè é lọ́sẹ̀ kan, mo fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, mo tún pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nígbà tí kò dáhùn, mo dúró nínú kíṣìnnì yẹn kan náà, mo sọ nǹkan kan fún wọn. Mi ò rántí bóyá ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni. Mo ti gbìyànjú. Ohùn yẹn ni ṣá, mo mọ ohùn yẹn lẹ́nu ara mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni àǹtí ti gbọ́ ọ.

Mo wá nọ́ńbà ẹ̀ jáde ní bí aago 8. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, nígbẹ̀yìn mo kàn ní kó má bínú sí gbogbo ìpè tí mo pè é nígbà yẹn, pé mo ti kúrò níbẹ̀ èmi náà, ṣé àlàáfíà ló wà.

Ó ti dáhùn. "Ẹ káalẹ́ sà. Àlàáfíà ni. Ẹ má bínú, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa kọ.