Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kó èsúsú?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú, owó ló yá. Ká ní èèyàn 12 ń dá 10,000 lóṣooṣù. Ẹni àkọ́kọ́ á kó 120,000, bẹ́ẹ̀ 10,000 péré ló tíì dá. Gbèsè 110,000 ti wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn ló sì yá a, láìgba èlé.

Àwọn kan á ká bébà sínú fìlà, kí kálùkù mú nọ́ńbà tirẹ̀. Ìyẹn dáa láàárín àwọn tó ti jọ dá a yípo bíi ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tuntun ńkọ́? Ẹ fi í sí ìdajì ìsàlẹ̀, ó kéré tán ẹni keje.

Ọ̀pọ̀ rò pé oṣù kìíní ló léwu jù. Rárá o, oṣù kẹfà ni. Èèyàn 6 ti kó nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì jẹ 60,000, àpapọ̀ rẹ̀ 360,000. Kò sí oṣù mìíràn tí owó ń pọ̀ níta tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń gba onídùúró, ẹni tí kò tíì kó tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, tó sì máa kó lẹ́yìn ẹni tó dúró fún, kí ẹ lè rí nǹkan yọ bí onítọ̀hún bá sá. Onídùúró tó ti kó tirẹ̀ lóṣù kejì, ẹnu lásán ló fi ń dúró.

Ẹni tó ń dá ọwọ́ méjì, ẹ pín in: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bó bá kó méjèèjì tẹ̀ léra lóṣù kìíní àti ìkejì, 240,000 ti wọ àpò rẹ̀ lórí 40,000 tó dá.

Owó ò gbọ́dọ̀ sùn sílé olórí èsúsú. “Ẹ jẹ́ n fi yí ọjà díẹ̀ títí di ọ̀la” ló ń tú ẹgbẹ́ ká.

Ìwé ńkọ́? Bí ẹnì kan ò bá rí tirẹ̀ dá, ẹ kọ 110,000 fún ẹni tó kó, kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní 10,000. Nígbà tí gbèsè yẹn bá dé, ẹni tó kó 110,000 yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ibi tí ìṣirò ti ń dojú rú nìyí: wọ́n á dà á mọ́ owó oṣù tuntun, ẹni tí wọ́n jẹ á wá máa bá gbogbo ayé jà.

Bí ọjà bá ń gbówó lórí, 120,000 ẹni ìkẹyìn ò ní ra ohun tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Ẹ dorí ètò náà kodò nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kó lóṣù kìíní á wá dúró di oṣù kẹrìnlélógún, nítorí náà kí ẹ ti sọ ọ́ fún un kó tó gba kọ́bọ̀ kankan.